Difẹ́ńdà Mẹ́ta Tí Mo Pọ́n Irin Bàtà Wọn

Àwọn olùkọ́ ilé-kéú tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe, kí àwọn ọmọ tó ń ronú ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe lè kà á. Wọ́n ti gba ti nọ́ọ̀sì kan, wọ́n ti gba ti awakọ̀ ojú irin. Tèmi ló kù. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń sún un síwájú. Kì í ṣe pé mi ò rí nǹkan kọ. Ohun tó yẹ kí n kọ gan-an ni ojú ń tì mí láti kọ.

Iṣẹ́ mi ni pípọ́n irin bàtà yìnyín. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe é, ní pápá yìnyín kan ṣoṣo, níbí ní South London. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀, tí ẹ di ara ògiri mú gírígírí, ẹ ti rí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tó ní fèrèsé tí wọ́n ń ti bàtà gbà wọlé. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí irun mi fi funfun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ń fi igi lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri, wọ́n fẹ́ gbá a sínú àwọ̀n. Ẹnìkan ń ṣọ́ àwọ̀n, mẹ́ta ń kọlù, méjì ń dúró lẹ́yìn. Àwọn méjì ẹ̀yìn yìí là ń pè ní difẹ́ńdà. Àwọn ni mo fẹ́ràn jù, torí pé wọ́n máa ń sáré sẹ́yìn-sẹ́yìn, wọ́n á kọjú sí ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn, tó bá sì yà, àwọn náà gbọ́dọ̀ yí pa dà kíá. Ẹni tó ń sáré sẹ́yìn kò rí ibi tó ń lọ. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbára lé, ẹni tó bá a pọ́n irin náà ló sì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè kan ni gbogbo ènìyàn máa ń bi mí ní fèrèsé yẹn: nínú gbogbo difẹ́ńdà tó ti gba ọwọ́ rẹ kọjá, ta ló dára jù? Ron ni mo máa ń sọ, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà pinnu láti gbé àwòrán difẹ́ńdà mẹ́ta kọ́ ara ògiri, ọ̀kan láti ayé àtijọ́, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ayé ìsinsìnyí. Wọ́n ní èmi ni kí n yàn wọ́n, torí pé èmi nìkan ló kù láyé tó fọwọ́ kan irin gbogbo wọn. Mo yan Ron. Mo yan Colin. Ẹ̀kẹta ni mi ò lè yàn. Ìdí tí mi ò fi lè yàn án ni mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ fisíìsì ní Nàìjíríà, mo wá síbí láti kàwé sí i, ìwé náà kò parí, iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ní pápá yìnyín sì ṣí sílẹ̀. Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni màá lò. Mo kọ̀wé sí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú pé ẹnjiníà ẹ̀rọ amúǹkantutù ni mí. Bàbá mi ka ìwé náà fún gbogbo àdúgbò. Inú ìgbéraga yẹn ni bàbá mi kú sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé kò sí ohun ìtìjú tó máa tó ìyẹn nínú ayé mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Sid, bàbá òyìnbó kúkurú kan tí ìka ọwọ́ òsì wọn ò pé. Wọ́n gbọ́ pé mo lọ sí yunifásítì, ni wọ́n bá ń pè mí ní Prof. Oṣù mẹ́fà ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìpọ́nrin. Eruku irin ni mò ń gbá, àkísà ni mo fi ń nu omi kúrò lára bàtà. Mo ń wo ọwọ́ wọn ṣáá.

Ìsàlẹ̀ irin bàtà yìnyín kò rí bíi ti ọ̀bẹ. Ẹnu méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín wọn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí kòtò yẹn bá jìn, ẹnu méjèèjì á bu yìnyín jẹ, ẹni tó wọ̀ ọ́ á lè yí bíríbírí, ṣùgbọ́n á tètè rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jìn, bàtà á máa yọ̀ geerege, ó sì lè yọ̀ nígbà tí a kò fẹ́ kó yọ̀. Ẹni tó sanra, ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan ti tó láti tẹ irin wọnú yìnyín. Ẹni tó fúyẹ́ nílò kòtò tó jìn. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ, odidi ìgbésí ayé ènìyàn ló sì gbà.

Tí mo bá pọ́n irin tán, Ọ̀gá Sid á yọ owó pẹ́nì ńlá àtijọ́ kan látinú àpò, wọ́n á gbé e lé ẹnu méjèèjì. Tí pẹ́nì bá tẹ́jú, ẹnu méjèèjì dọ́gba. Tó bá fì sápá kan, kò dọ́gba.

"Kí lo rí, Prof?"

"Ó dọ́gba, sà."

"Tún un wò."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba."

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló máa yọ eyín ẹnìkan. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá bàtà rẹ̀ pa dà, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yọ̀. Mo mú bébà, mo fi fisíìsì ṣàlàyé fún un pé kò lè máa yọ̀. Ọ̀gá Sid gba bàtà lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò fínnífínní.

"Prof, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ló wà nínú bàtà yìí?"

"Rárá, sà."

"Tún un ṣe bó ṣe ní kó o ṣe é."

Òfin wọn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò dáa, gbà á, tún un ṣe, má ṣe sọ̀rọ̀. Mo pa òfin náà mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rú u.

Ron ni difẹ́ńdà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Sid fi irin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Púlọ́ńbà tó ń ṣe ẹ̀rọ omi ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ yàrá wa. Tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife tíì mi, á ní, "Bá mi tọ́jú àwọn ọmọ yìí." Kì í sáré púpọ̀. Á dúró síwájú àwọ̀n, ẹni tó ń bọ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ wá kọlù ú. Mo bi í nígbà kan bó ṣe ń mọ ibi tí èèyàn fẹ́ yà sí. Ó ní, "Àyà ni mò ń wò. Ojú lè tan ni, igi lè tan ni, àyà ò lè lọ síbi tí onítọ̀hún ò lọ." Díẹ̀ báyìí ni kòtò irin Ron jìn. Ó wuwo, kò nílò rẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kí gbogbo difẹ́ńdà rí nìyẹn, aṣìṣe mi sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Colin dé nígbà tí gbogbo wọn ti ń dé akoto tó ń dáàbò bo orí, tí igi ti fúyẹ́. Olùkọ́ ni ní Catford, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn. Òun kì í dúró lẹ́yìn. Tó bá ti gba róbà lọ́wọ́ ọ̀tá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e sáré dé iwájú. Ron, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, á jókòó lókè, á máa kùn sí mi létí.

"Difẹ́ńdà nìyí àbí arìnrìn-àjò?"

"Ó ti gbá róbà sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lónìí, Ron."

"Mo rí i. Ta ló wá ń ṣọ́ ilé?"

Síbẹ̀, Ron kì í pa ọjọ́ Colin jẹ. Kòtò irin Colin jìn díẹ̀ ju ti Ron lọ. Gbogbo wọn ló ní káàdì nínú àpótí mi, mo kọ bí kòtò ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó síbẹ̀.

Ọ̀gá Sid kú. Wọ́n fi òkúta ìpọ́n róbótó tí wọ́n ń fi ọwọ́ lò àti pẹ́nì wọn sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun dé, tó ní ojú bíi ti fóònù. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà, á ti bàtà bọ̀ ọ́, á lọ mu tíì. Mo kórìíra rẹ̀. Ó ń ṣe ohun tí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan bá sọ pé òun fẹ́, kò sì bi wọ́n ní ìdí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òfin Ọ̀gá Sid gan-an ni ẹ̀rọ yẹn ń tẹ̀ lé.

Rìsíkátù wá dé. Ọmọ Yorùbá, ará Catford, ìyá rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí fèrèsé mi, ó ti wọ bàtà yìnyín, ó de ìbòrí dúdú pẹlẹbẹ mọ́ orí lábẹ́ akoto. Ó gbọ́ orúkọ Yorùbá tí wọ́n fi pè mí, ló bá kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì róbà, tòun ti bàtà irin lẹ́sẹ̀. "Ẹ káàsán, Daddy." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti wà ní fèrèsé yẹn, kò sẹ́ni tó kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo yí ojú mi sẹ́yìn kó má baà rí i pé omi ti dé ojú mi.

Ọmọ náà fúyẹ́ bí ewé. Kò lè dúró bíi Ron, kò sì ní apá gígùn bíi Colin. Ohun tó ní ni pé bó bá ń sáré sẹ́yìn, ó dà bíi pé okùn kan ló ń fà á. Á máa súnmọ́ ẹni tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún un lápá ọ̀tún, onítọ̀hún á rò pé òun rí ọ̀nà, ibẹ̀ ni Rìsí á ti yí, róbà á ti bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ron ń dí ọ̀nà. Colin ń gba ọ̀nà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Rìsí ń jẹ́ kí ọ̀tá fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà tí kò dáa. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kòtò irin rẹ̀ jìn gan-an. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sórí káàdì.

Ó ti pé ọdún méjìlélógún nígbà tí àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ obìnrin fún orílẹ̀-èdè wá sí pápá wa láti wo àwọn tí wọ́n máa mú, ohun tí wọ́n ń pè ní trial. Wọ́n ti kọ orúkọ Rìsí sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gba bàtà rẹ̀. Mo wo káàdì. Mo wá sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí ti di àgbà, ó yẹ kó fi irin gidi gbá họ́kì níwájú àwọn èèyàn ńlá. Kòtò tó jìn yẹn, mo kà á sí igi tí aláìsàn fi ń tilẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ tuntun. Mo fi ọwọ́ pọ́n ọn bí mo ṣe máa ń pọ́n ti Ron. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mò ń fún un.

Ó dé, ó gbà á, ó fi èékánná àtàǹpàkò ra ẹnu irin. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Daddy, ó dà bíi pé kòtò yìí ò jìn tó ti tẹ́lẹ̀."

"Ó jìn tó."

"Mo kọ ọ́ sórí káàdì yẹn, sà. Trial ni lónìí, mo kàn fẹ́..."

"Rìsí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń pọ́n irin."

Ó wo bàtà náà, ó wò mí. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣé, Daddy." Ó sì lọ.

Ọmọ tó dúró tẹ̀ lé e ni Kelly, ọmọ òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́. Ó ju bàtà rẹ̀ sórí fèrèsé. "Eléyìí ò dáa rárá, jàre. Tún un ṣe." Mo gbà á. Mo tún un ṣe. Mi ò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró wò mí. Ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún mi gba ohun tó tọ́ sí i. Ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi ni mo rẹ́ jẹ.

Ní àkókò kejì eré náà ló ṣẹlẹ̀. Rìsí ń sáré sẹ́yìn, ọmọbìnrin ńlá kan ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi àyè kékeré yẹn sílẹ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ́ yí. Irin rẹ̀ kò bu yìnyín jẹ. Ẹsẹ̀ òsì yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, ó sì fi ẹsẹ̀ náà ṣáájú lọ sára ògiri. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú yàrá mi. Ìyá rẹ̀ wà lókè, ó gba ààyè wá láti ibi iṣẹ́, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn.

Kókósẹ̀ rẹ̀ kán níbi méjì. Mo lọ kí i ní ọsibítù ní Lewisham, mo ra ọsàn dání.

"Ẹ bá mi bi í, Daddy," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí ló ń wá lórí yìnyín? Ṣé kò rí yunifásítì tó wà ní New Cross ni?"

"Èmi ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé, Mummy," ni Rìsí wí.

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. Mò ń bó ọsàn lọ́wọ́, mo sì ń bó o lọ.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá," ni ìyá rẹ̀ tún wí. "Ẹ̀yin nìkan ni bàbá tá a ní níbẹ̀ yẹn."

"Ọlọ́run ló mọ̀ bó ṣe jẹ́," ni mo dá a lóhùn.

Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́. Èmi náà mọ̀. Nígbà tí mo pa dà dé ibi iṣẹ́, mo yọ káàdì Rìsí kúrò nínú àpótí, mo gbé e lọ sílé, mo fi sáàárín ìwé fisíìsì mi àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Wọn ò mú un sí ẹgbẹ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n okùn tó ń fà á sẹ́yìn yẹn ti já. Àwọn èèyàn sì ń bi mí ní fèrèsé pé ta ló dára jù, mo ń sọ pé Ron, mo sì ń fi kún un pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òde òní ò ní sùúrù. Mo sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo sọ ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Akọ̀wé àwọn alátìlẹ́yìn pè mí lórí fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ àwòrán dé. "Àwọn kan ní ká gbé Rìsí síbẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó ṣubú lọ́jọ́ trial rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ron? Kí lẹ wí?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n máa bi mí ìdí tó fi ṣubú.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Catford lọ́jọ́ Sunday. Mo mú káàdì náà dání. Mo tún mú òkúta àti pẹ́nì Ọ̀gá Sid, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo ní tí mo lè fún un. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbé tíì àti bisikíìtì síwájú mi, ó pe Rìsí sọ̀kalẹ̀. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn méjèèjì, láti orí kòtò irin dé orí ọsàn. Mi ò fi fisíìsì kún un.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó dìde, ó gbé ife tíì tí mi ò tíì mu kúrò níwájú mi, ó gbé e pa dà sí kíṣìnì. Kò tún jáde wá.

Rìsí wo káàdì náà, ó wo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. "Mo mọ̀, Daddy. Láti ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ sórí yìnyín lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò pa dà wá sí fèrèsé?"

"Ẹ ti bínú sí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa dà wá?"

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ìyá rẹ?"

"Ẹ ṣáà rí ohun tí wọ́n fi tíì yẹn ṣe."

Mo bi í bóyá inú ń bí i. Ó ní, "Inú bí mi gan-an, sà. Odindi ọdún méjì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé kí n má baà rí yín." Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní pápá yìnyín báyìí ní gbogbo Saturday. Mi ò mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe ń gba ẹ̀yìn. Mo rò pé ibẹ̀ ló sún mọ́ bọ́ọ̀sì.

Mo gbé òkúta àti pẹ́nì síwájú rẹ̀, mo ní tìrẹ ni. Kò mú wọn. Ó gòkè lọ, ó gbé bàtà yìnyín kan sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi pọ́n ọn. Bó ṣe wà lórí káàdì."

Ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe máa ń wo ti Ọ̀gá Sid. Nígbà tí mo ní mo ti ṣe tán, ó mú pẹ́nì náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lé ẹnu méjèèjì, ó tẹrí ba wò ó.

Pẹ́nì náà fì sí ọ̀tún díẹ̀. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ kó tó sọ pé ẹ ṣé. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Daddy, kò dọ́gba. Ẹ tún un ṣe."

Mo gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, pẹ̀lú ìdí tó fi ṣubú.